Èéfín Dà Níbẹ̀? Àríwísí lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a fi ń Sọ̀rọ̀ Iná Ilé Wa

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ni í rú. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ó ti wù kí ènìyàn fi ìwà pamọ́ tó, bí ó pẹ́ bí ó yá, ojú ayé yóò rí i. Òwe yìí dára fún ìwà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé nígbà tí a bá kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìwà, tí a dé orí ọ̀rọ̀ iná gan-an, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí ó wúwo jù lọ nínú ohun tí iná inú ilé wa ń tú sínú afẹ́fẹ́ kì í rú rárá. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Nítorí pé kì í rú, a kò tí ì fún un ní orúkọ tí ó mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Nítorí pé kò sì ní orúkọ, orúkọ ohun mìíràn ni a fi ń pè é. Àṣìpè yìí ni mo fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀, nítorí pé ó ń ṣi àwọn ènìyàn wa lọ́nà, ó sì ń gbé ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó bí mi. Nígbà tí mo dé láti òkè òkun lẹ́yìn tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Gáàsì ni ó fi ń se ọbẹ̀. Àdògán èédú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri de ọjọ́ tí gáàsì bá tán. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan sì ń kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, kò jìnnà sí fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé iná tí a ń dá nínú ilé wà lára ohun tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i, àti pé ibi tí ẹ̀rọ náà wà kò dára. Mo ní èéfín rẹ̀ léwu. Màmá dìde, ó jáde lọ wo ẹ̀rọ náà, ó padà wo ojú mi, ó ní, “Ọmọ mi, èéfín dà níbẹ̀?”

Mo wò ó, n kò rí èéfín kankan. Ẹ̀rọ tuntun ni, ó sì ń jó epo rẹ̀ dáadáa. N kò rí èsì fọ̀. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí n sọ ni mo mọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní èdè tí ìyá yìí gan-an fi bá mi sọ̀rọ̀ láti kékeré, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú dání, òun náà ni èéfín, ìyá náà sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí. Èmi tí mo lọ kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá dé ìdí rẹ̀ ní ìlú òyìnbó kò lè dáhùn ìbéèrè tí a fi Yorùbá bi mí lórí iná ìdáná. Àpilẹ̀kọ yìí ni èsì tí mo ń wá láti ìgbà náà.

Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ibi kékeré. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, òun ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ta ko iye náà pé ó kéré jù. Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, Ìkọ̀tún, Ìgándò, Ìdímù, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà ti so kọ́ra débi pé àlejò kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Bí ìyá mi yìí ṣe ń dáná ni ọ̀pọ̀lọ́pọ̀ ilé níbẹ̀ ń dá a: gáàsì nígbà tí owó bá wà, èédú nígbà tí kò bá sí, iná mànàmáná nígbà tí ó bá dé, ẹ̀rọ amúnáwá nígbà tí ó bá lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń tú ohun kan náà síta, yálà nínú ilé tàbí ní ibi tí wọ́n ti wá. Ohun náà ni afẹ́fẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní carbon dioxide. Bí ó bá ti ń pọ̀ sí i lókè ni kò ní í jẹ́ kí ooru tí ó yẹ kí ó kúrò lórí ilẹ̀ ráyè lọ, ayé a sì máa gbóná. Ẹ jẹ́ kí a yẹ iná wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a mọ̀ bí èéfín bá lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́ fún wa.

Èkíní ni èédú. Bí ẹ bá bi àwọn tí ń rà á ní ọjà Ìkọ̀tún ìdí tí wọ́n fi yàn án ju igi lọ, ẹ óò gbọ́ pé èédú kì í rú èéfín bí igi. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni èéfín rẹ̀ wà? Ó wà ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń sun igi di èédú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to igi jọ, tí wọ́n ń fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó máa jó díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kí wọ́n tó rí èédú kìlógíráàmù 1, igi tí wọn yóò sun yóò tó kìlógíráàmù 5, nígbà mìíràn yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tí ó ra èédú ní Ìkọ̀tún ti ra iná, ó sì ti fi èéfín sílẹ̀ fún ará oko. Bí igi tí wọ́n gé bá hù padà, yóò fa púpọ̀ nínú ohun tí iná tú síta mọ́ra. Bí kò bá hù padà, gbèsè náà wà nílẹ̀. Èéfín kò sọ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ẹni tí ń fẹ́ iná ní ẹ̀yìnkùlé Ẹ̀gbẹ́dá.

Èkejì ni gáàsì, ẹ̀kẹta sì ni ẹ̀rọ amúnáwá. Mo pa wọ́n pọ̀ nítorí pé ibi ìṣirò ni a ti ń mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọwọ́ iná gáàsì mọ́, kì í ba ìdí ìkòkò jẹ́, a sì máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò tú ohunkóhun síta. Ṣùgbọ́n bí a bá jó sílíńdà kìlógíráàmù 12.5 tán, carbon dioxide tí yóò jáde nínú rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 37. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ṣi iṣẹ́ ṣe. Èédú tí ó wà nínú gáàsì náà ni ó ń so pọ̀ mọ́ ọ̀kísíjìn inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n ọ̀kísíjìn yìí kò sí nínú sílíńdà tí a rà, atẹ́gùn ni iná ti mú un. Bákan náà ni lítà epo bẹntiróòlù 1, tí kò wúwo tó kìlógíráàmù 1, ń tú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 síta. Bí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan bá ń mu lítà 2 lálẹ́, lítà 60 ni lóṣù, ohun tí yóò sì tú síta yóò tó kìlógíráàmù 138. Bí ìdílé náà bá ń jó sílíńdà 1 lóṣù, ẹ̀rọ yìí nìkan ju ìdáná wọn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò kékeré yìí ṣe. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iná ilé ní Yorùbá, ẹni tí a máa ń bá wí ni obìnrin tí ń dáná, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èéfín ti ń rú. Ẹ̀rọ tí ń tan iná tẹlifíṣọ̀n àti fáànù fún gbogbo ilé kò gba ìbáwí, nítorí orúkọ rere tí a fún un: amúnáwá. Orúkọ yìí sọ ohun tí ó ń mú wá, kò sọ ohun tí ó ń tú jáde. Bí a bá sì ń bá obìnrin yìí wí pé kí ó jọ̀wọ́ èédú pátápátá kí ó di gáàsì mú, ẹ jẹ́ kí a rántí pé kì í ṣe owó nìkan ni ó ń dá a dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, iná jó ní Abúlé Ẹ̀gbá níbi ọ̀pá epo, ó sì pa ọ̀pọ̀lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná bú gbàù ní Bárúwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìpájà, ó pa ènìyàn, ó sì ba ilé jẹ́. Ní Bárúwà yìí kan náà ni epo ti ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga àwọn ará àdúgbò láti àwọn ọdún 1990. Ẹni tí ó bá gbé ní Alímọ̀ṣọ́ tí ó sì ń fòyà gáàsì kì í ṣe òpè.

Ẹ̀kẹrin ni iná mànàmáná. Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ yin èdè wa kí n tó bá a wí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún iná tí ń jó, wọ́n ní òmíràn fún ìmọ́lẹ̀, wọ́n tún ní òmíràn fún agbára inú wáyà. Ní tiwa, iná ni gbogbo rẹ̀. A ń dáná, a ń tan iná, a ń pa iná, àwọn ọmọdé sì ń ké pé iná dé. Àjọ NEPA ti di ohun ìtàn láti ọdún 2005, ilé iṣẹ́ aládàáni ni ó sì ń pín iná fún Alímọ̀ṣọ́ láti ọdún 2013, síbẹ̀ orúkọ NEPA ṣì ni wọ́n fi ń kí iná káàbọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè yìí láti òde lè rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibùdó amúnáwá ńlá tí ó wà ní Ẹ̀gbìn, ní ọ̀nà Ìkòròdú, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹgawáàtì 1,320, gáàsì ni ó ń jó. Iná gidi ni ó ń jó níbẹ̀ kí gílóòbù tó tàn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tí ó bá ní òun ń lo iná mànàmáná ti sọ òtítọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe iná tí ó ti Kàǹjì wá láti ọdún 1968, tí omi ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, àti iná tí oòrùn ń fún wa lórí òrùlé, tí kò sí ohun tí a ń jó níbẹ̀ láti tan wọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa kì í ṣe “èéfín dà?” bí kò ṣe “kí ni ó ń jó níbẹ̀?”

Ẹ̀rí kan wà ní Marina ní Èkó tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní ọdún 1964, Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ère Ṣàngó fún àjọ iná mànàmáná ti ìgbà náà, wọ́n sì gbé e sí iwájú ilé iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ ọnà tí ó dára ni, ó sì tọ́ kí a fi ẹni tí ó ni àrá ṣe àmì iná. Ṣùgbọ́n apá kan ìtàn ni àjọ náà yàn. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní ọdún 1921, a kà pé Ṣàngó dán oògùn àrá rẹ̀ wò, ààfin ara rẹ̀ ni àrá náà sì kọ lù, ó jó aya àti ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìtàn náà dé òpin mọ̀ pé iná kì í bi olówó rẹ̀ léèrè kí ó tó jó ilé rẹ̀. Agbára iná ni a gbé dúró ní Marina. A kò gbé àbájáde rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí mìíràn tí èéfín fi jẹ́ ẹlẹ́rìí èké ni mo rí ní ìlú òyìnbó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú ilẹ̀ àti kùrukùru bo ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó kú tó nǹkan bí 4,000. Ní ọdún 1956, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti mú èéfín kúrò ní ìlú wọn, òfin náà sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gbé níbẹ̀, n kò rí ilé kan tí ń rú èéfín. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ń fi gáàsì mú omi àti yàrá gbóná, n kò sì mọ ìgbà tí ó ń jó àti ìgbà tí kò jó. Síbẹ̀ ilé kan tí ó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè tú carbon dioxide tọ́ọ̀nù 2 síta lọ́dún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé èéfín lọ, ohun tí a kò rí kò bá a lọ. Bí a bá ń fi èéfín wọn nǹkan, a óò sọ pé iná wọn mọ́, a óò sì sọ pé tiwa ni ó dọ̀tí.

N kò dá èéfín láre o. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ búburú tí iná ìdáná ń fà nínú ilé pa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020 káàkiri ayé, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì ń sún mọ́ ààrò jù. Èéfín dúdú pàápàá ń kún ìgbóná ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí a gba obìnrin lọ́wọ́ èéfín nítorí ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, kì í ṣe kí a dá a lẹ́bi bí ẹni pé òun ni ó ń sun ayé. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Níbi tí èdè bá ti pa wọ́n pọ̀, ìbáwí ni yóò gba ipò ìrànlọ́wọ́.

Àwọn kan ti rí i pé èéfín kò tó, wọ́n sì ń sọ pé afẹ́fẹ́ olóró. Èyí tún léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Carbon dioxide tí ń mú ayé gbóná kì í ṣe oró ní ìwọ̀n tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Àwa náà ń mí i síta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oró gidi wà lára iná. Bí iná kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, yálà nínú ẹ̀rọ amúnáwá tàbí nínú àdògán èédú tí a gbé wọ yàrá, ohun mìíràn ni ó ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Òun náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò ọ̀kísíjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá fà á símú. Léraléra ni a ti ń gbọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí pé ìdílé kan sùn, ilẹ̀ mọ́, wọn kò jí, nítorí ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú nítòsí fèrèsé. Bí a bá ti ná orúkọ oró sórí èyí tí ń mú ayé gbóná fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí ni a óò pe èyí tí ń pa ọmọ ẹni lóru òní? Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n dànù. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín iná méjèèjì kò lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbọ̀n.

Gbólóhùn kan tún wà tí ó ti gbilẹ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn: àyípadà ojú ọjọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni fún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ní èdè wa ni ohun tí a ń wò láàárọ̀ kí a tó sá aṣọ. Yíyípadà ni iṣẹ́ rẹ̀: òjò ṣú, ó rọ̀, oòrùn là. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ pé ojú ọjọ́ ń yí padà yóò ní kí ni tuntun níbẹ̀? Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé gbogbo ayé ń gbóná sí i, lọ́nà kan ṣoṣo, láìpadà sẹ́yìn. Svante Arrhenius, ará Sweden, ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1896 pé bí carbon dioxide bá pọ̀ ní òkè, ayé yóò gbóná. Ní ọdún 1896 yìí kan náà ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ náà ní Mauna Loa ní ọdún 1958, nǹkan bí 315 ni ó wà nínú mílíọ̀nù 1. Ní ọdún 2024, ó ti lé ní 420. Ìgbóná ayé ni kí a pè é. Ọmọ ilé ìwé kékeré yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ẹni tí ó bá wó ilé onílé yẹ kí ó mú igi àti páánù wá láti tún un kọ́. Àwọn àgbà sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Wọ́n mọ̀ pé iná kì í lọ láìfi nǹkan sílẹ̀. Ohun méjì tí wọ́n rí ni wọ́n sọ lórúkọ: eérú tí ó wà nílẹ̀, àti èéfín tí ó gòkè. Mo dábàá pé kí a sọ ẹ̀kẹta lórúkọ, kí a pè é ní èémí iná. Bí ènìyàn ṣe ń fa afẹ́fẹ́ símú tí ó sì ń mí carbon dioxide síta, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná ń ṣe. Iná tí a dé mọ́ inú ìkòkò yóò kú bí ẹni tí a fún lọ́rùn. Eérú, èéfín, èémí: mẹ́ta ni ohun tí iná ń fi sílẹ̀. Eérú, a lè gbá a dànù. Èéfín, atẹ́gùn àti òjò yóò mú un lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní ti èémí, apá kan nínú rẹ̀ yóò wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èyí tí iná mí síta nígbà tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ni kí a máa pè ní èémí olóró, kí ìyá ọmọ lè mọ̀ pé èyí ni ó ń pani lóru.

Bí a bá sì fẹ́ ṣàlàyé bí èémí iná ṣe ń mú ayé gbóná, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yá ilé gíláàsì tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù fi ń gbin ewébẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó dà bí dánfó tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ pa nínú oòrùn ọ̀sán ní Ìyànà-Ìpájà. Oòrùn ń wọlé, ooru kò rí ọ̀nà jáde. Àfiwé kì í bá nǹkan mu tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí tí kò ní í mọ ohun tí a ní lọ́kàn.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo èyí, pé ohun tí ará Alímọ̀ṣọ́ ń fẹ́ ni iná, kì í ṣe orúkọ. Mo gbà pé iná ni ó ń fẹ́. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí a ń ra bẹntiróòlù ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná mànàmáná fún àwọn tí wọ́n ní wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ fò láti ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n kan. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè san owó yìí. Ṣùgbọ́n orúkọ ni a fi ń dájọ́. Ọmọ Nàìjíríà kan, bí a bá pín in lórí-ó-jorí, kò tú èémí iná tó tọ́ọ̀nù 1 síta lọ́dún láti inú epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀. Ti ará Amẹ́ríkà lé ní tọ́ọ̀nù 13. Nílé wa níhìn-ín pàápàá, òfin tí a ṣe ní ọdún 1979 ní kí wọ́n yé sun gáàsì dànù níbi tí wọ́n ti ń wa epo tí ó bá fi di ọdún 1984, àyàfi ẹni tí ó bá gba àṣẹ. Títí di òní ni iná náà ń jó ní ìhà Niger Delta, gáàsì tí ì bá ti se oúnjẹ fún àìmọye ilé. Nígbà tí a bá ní èéfín ni ọ̀rọ̀ náà, ojú wa yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà. Nígbà tí a bá ní èémí iná ni, a óò béèrè ẹni tí iná rẹ̀ tóbi jù, ibi tí ó ń jó sí, àti ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pa tirẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí agbára wa kò ká. Láti ọdún 1970, ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé wa ti ṣe èdè ìperí jáde ní ọdún 1984 àti ní ọdún 1990, tí a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ lónìí. A ti ní orúkọ fún ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe; ó kù kí a ní orúkọ fún ohun tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé wa. Ẹ̀yin olùkọ́ ni iṣẹ́ yìí kàn jù, nítorí pé orúkọ tí ọmọ bá gbọ́ ní kíláàsì ni yóò gbé lọ sílé.

Mo ti padà sí Ẹ̀gbẹ́dá láti ìgbà náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ eérú, èéfín àti èémí fún Màmá, mo sì sọ fún un pé èémí olóró ni mo ń bẹ̀rù lórí àwọn ọmọ. Ó gbọ́ ọ, ó ní, “Ọmọ mi, o ò bá ti wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.” Àwa méjèèjì jọ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, níbi tí ó jìnnà sí fèrèsé. Ó wá béèrè iye tí wọ́n ń ta iná olóòrùn, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. N kò ní èsì fún ẹ̀rín yẹn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí tí mo mú wá lọ, kí ó mú un jáde, inú mi yóò dùn láti fi tèmi sílẹ̀.